Òfin Ọdún 1662

Àwọn kan a máa gbèjà àwọn tó tẹ Amẹ́ríkà dó pé bí ayé ìgbà náà ṣe rí ni wọ́n fi kó ẹrú, pé wọn kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irọ́ gbáà ni.

Lábẹ́ òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ipò baba ni ọmọ ń jogún. Elizabeth Key, tí ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan bí fún obìnrin adúláwọ̀ ní Virginia, gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ilé ẹjọ́ pẹ̀lú ẹ̀rí mìíràn, ó sì gba òmìnira ní ọdún 1656. Kí ni àwọn aṣòfin ṣe? Ní ọdún 1662, wọ́n yí òfin padà: ipò ìyá ni ọmọ yóò máa jogún. Láti ìgbà náà, olówó ẹrú lè fi ipá bá ẹrúbìnrin rẹ̀ lò, kí ó sì ka ọmọ bíbí inú ara rẹ̀ mọ́ ẹrù, bí ẹni ka ọmọ ewúrẹ́. Ṣé àìmọ̀kan ní í yí òfin padà?

Thomas Jefferson, tó kọ ìkéde ọdún 1776 pé ènìyàn gbogbo dọ́gba, ní ẹrú tó lé ní 600 láyé rẹ̀. Sally Hemings, ọbàkan ìyàwó rẹ̀, wà lára wọn. Ẹrú sì ni òfin ka àwọn ọmọ tó bí fún un sí.

Ẹni tó bá wá ọ̀rọ̀ náà “ẹrú” nínú ìwé òfin tí wọ́n kọ ní Philadelphia lọ́dún 1787 yóò wá a tì. Síbẹ̀, ìwé yìí kan náà ka ẹrú 5 sí ènìyàn 3 láti fi pín ìjókòó ilé aṣòfin, ó sì dáàbò bo òwò ẹrú títí di ọdún 1808. Bí ojú kò bá tì wọ́n, kí ló dé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pamọ́?