Ti Ìlú Ni Mápó

Ẹni tí ó bá wọ Ìbàdàn tí kò gun òkè Mápó, ààbọ̀ ìlú ni ó rí. Láti Ọjà Ìba, èyí tí ó gba orúkọ lọ́dọ̀ Ìba Olúyọ̀lé, ni mo ti gòkè lọ láìpẹ́ yìí. Bí mo ti dúró lẹ́bàá àwọn òpó ńláńlá iwájú gbọ̀ngán náà, òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà tẹ́ lọ rẹrẹ nísàlẹ̀, ariwo àwọn ìyá wa tí ń pe oníbàárà sì ń dé etí mi.

Robert Jones, ẹnjiníà tí a mọ̀ sí Taffy, ni ó kọ́ ilé náà, Kapteni W. A. Ross, ajẹ́lẹ̀ Ẹkùn Ọ̀yọ́, sì ṣí i ní ọdún 1929. Iṣẹ́ òyìnbó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìlú sọ ọ́ di tiwọn. Nígbà tí Adégòkè Adélabú di alága Ìgbìmọ̀ Ìbàdàn ní 1954 (ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe kò kàn wá lónìí), Mápó ni a ti ń jíròrò ọ̀rọ̀ ìlú, tọ̀rẹ́ tọ̀tá sì ń gòkè lọ gbọ́ ọ.

Kí ni a ń lò ó fún jù nísinsìnyí? Ayẹyẹ. Èmi kò bá ìwúyè Olúbàdàn jà. Ibẹ̀ ni a ti ṣe ti Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, 2024, àti ti Ọba Ràṣídì Ládọjà ní oṣù Kẹsàn-án, 2025, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwúyè ti 2024 ku ọ̀la, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Àbújá dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, kí gómìnà má ṣe dá a dúró mọ́. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ta ni yóò wá máa ṣọ́ owó náà? Mápó yìí kan náà ni olú-iléeṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù-Ìlà-oòrùn Ìbàdàn wà. Ǹjẹ́ ìyá aláta tí ń san owó ìsọ̀ ní ìsàlẹ̀ lè gòkè wá, kí ó jókòó, kí ó gbọ́ bí a ti ná an?

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, kí alága àti àwọn kánsílọ̀ jókòó nínú gbọ̀ngán náà, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, kí a ka ìṣirò owó ní èdè Yorùbá, kí ẹni tí ó bá ní ìbéèrè sì bi wọ́n. Bí ẹlòmíràn bá ti yá gbọ̀ngán fún ìgbéyàwó lọ́jọ́ náà, kí wọ́n mú ọjọ́ mìíràn. Kí ó má sáà jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tí èrò mọ́ṣáláṣí ńlá Ọjà Ìba kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ọ̀nà kọjá.