Ẹ má sanwó kọ̀ǹpútà tí ẹ kò tíì tan wò

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, iléeṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ dúró fún kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows 10. Ètò náà ti wà nílẹ̀ láti ọdún 2015, káàkiri àgbáyé ni wọ́n sì ti ń lò ó. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí àwọn aláwọ̀ funfun ń kó jáde ní ọ́fíìsì wọn kì í wọ ààtàn níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀. Ẹ wo orí tábìlì àwọn tó ń tà á ní Ìkẹjà, ní Cotonou, ní Lomé, àti ní Samandin níbí ní Ouagadougou. Wọ́n á nu eruku ara rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀rá tuntun wé e, wọ́n á sì ní "ó ṣì mọ́, kò tíì ṣiṣẹ́ rárá".

Mi ò bá tòkunbọ̀ jà. Tòkunbọ̀ tó dáa ló ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wa dé ibi tí a dé. Ohun tí mo ń bá jà ni bí a ṣe ń sanwó kí a tó mọ ohun tí a rà. Ẹni tó fẹ́ ra adìyẹ lọ́jà á fẹ́ ìyẹ́ ìdí rẹ̀ wò. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ á nà án síta, á gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti kọ̀ǹpútà alágbèéká, tí owó rẹ̀ ju ti adìyẹ àti aṣọ lọ fíìfíì, ojú á máa tì wá láti béèrè. A ó wo àwọ̀ rẹ̀, a ó gbé e wò bóyá ó fúyẹ́, a ó sì ka owó sílẹ̀.

Èrò tèmi ni pé mímọ ara kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan tó kàwé lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀tọ́ ẹni tó ń rà á ni. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sì tó láti fi mọ èyí tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀.

"i5 ni, maman"

Lọ́sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá ìyá oníṣòwò kan, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Samandin. Ó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sí Yunifásítì Joseph Ki-Zerbo. Ẹ bá mi gbóríyìn fún ìyá náà níbi ká nájà, nítorí ó bu owó náà wálẹ̀ títí ọlọ́jà fi bẹ̀rẹ̀ sí í laagùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọlọ́jà sọ pé, "i5 ni, maman," ìyá mi orí, ó sì na ọwọ́ sí àpò.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ní kó fi nọ́ńbà tó tẹ̀lé i5 yẹn hàn yín."

Nígbà tí wọ́n tan án, i5-3320M ló wà níbẹ̀. Ọdún 2012 ni irú ọpọlọ kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ jáde. Orúkọ i5 ti wà lórí àtẹ láti ọdún 2009, nítorí náà, orúkọ yẹn nìkan kò sọ ọjọ́ orí ẹ̀rọ fún yín. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ló ń sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ 3320, ìran kẹta ni. Bí ó bá jẹ́ 8250, ìran kẹjọ ni. Bí ó bá sì jẹ́ 1135, ìran kọkànlá ni. Windows 11, tí Microsoft ṣì ń tọ́jú, kì í gba kọ̀ǹpútà Intel tí kò bá tó ìran kẹjọ, àyàfi àwọn díẹ̀. Ọdún 2017 ni ìran kẹjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ọlọ́jà náà kò bínú. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó sì gbé òmíràn jáde láti abẹ́ tábìlì. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé èyí tó dáa wà nílé, ẹni tó máa béèrè ni kò sí. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Níbo la ti máa rí i?

Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ní àmì Windows pa pọ̀ mọ́ lẹ́tà I. Ojú ewé ètò kọ̀ǹpútà á ṣí. Bí èdè Faransé bá wà lórí rẹ̀, "Paramètres" lẹ máa rí. Ẹ yan "Système", kí ẹ sì lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Orúkọ ọpọlọ ẹ̀rọ náà àti ìwọ̀n RAM rẹ̀ wà níbẹ̀.

RAM dà bíi tábìlì tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí tábìlì bá kéré, ìwé méjì ló máa gbà, ẹ̀kẹta á já bọ́. Windows 11 ní òun kò gbọ́dọ̀ rí ohun tó kéré sí 4GB, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìrọ̀rùn, 8GB ni kó wá. Èmi tí mo ń fi kọ̀ǹpútà gé ohùn fún rédíò, mo mọ ohun tí 4GB máa ń fi ojú ẹni rí nígbà tí ìròyìn kù díẹ̀ kó lọ sórí afẹ́fẹ́.

Ibi ìpamọ́ yàtọ̀ sí RAM. Òun ni àpótí tí ẹ̀rù ń gbé, bí ẹ tilẹ̀ pa kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń tà á máa ń fi ńlá rẹ̀ yangàn pé "500GB ni". Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá hard disk ni tàbí SSD. Hard disk ní àwo tó ń yí nínú, ó lọ́ra, ó sì lè bàjẹ́ bí ó bá já bọ́. SSD kò ní ohun tó ń yí. Kọ̀ǹpútà tó ní SSD 256GB á tètè jí ju èyí tó ní hard disk 500GB lọ.

Ti bátìrì ló kù. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ ṣí i, kí ẹ wá kọ powercfg /batteryreport síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà á kọ ìròyìn bátìrì sínú fáìlì kan, á sì sọ ibi tó fi í sí. Ẹ wo nọ́ńbà méjì níbẹ̀, ìyẹn èyí tí bátìrì lè gbà nígbà tó jáde ní iléeṣẹ́, àti èyí tó lè gbà báyìí. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000, tí ti ìkejì sì jẹ́ 25,000, ìdajì bátìrì lẹ fẹ́ rà. Kì í ṣe pé kí ẹ má rà á, ṣùgbọ́n ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí ẹ máa san.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ki flash bọ gbogbo ojú ihò USB, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ ṣí kámẹ́rà, ẹ tẹ gbogbo lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi fóònù yín fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún un tàn. Bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ọlọ́jà kò mọ̀, tàbí tí ó kọ orúkọ iléeṣẹ́ kan síta pé òun ló ni ín, ẹ dá a padà. Ó lè jẹ́ ti olè. Bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ ti olè, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì lè tì í mọ́ yín lọ́wọ́ láti òkèèrè.

Bó bá ti wá di tiyín tó sì jẹ́ pé Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Kò ní kú lónìí. Ẹ lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft fún àfikún ààbò tó máa parí ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá, ọdún 2026. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ìdúnàádúrà báńkì lẹ́yìn ìgbà náà láìtíì gbé e sórí ètò mìíràn.

Lẹ́tà tó sá kúrò ní ààyè rẹ̀

Ọmọ Yorùbá tó bá ti Ìbàdàn dé Ouagadougou á tún bá ìyàlẹ́nu mìíràn pàdé. Ó fẹ́ kọ "a", "q" ló jáde. Kíbọ́ọ̀dù àwọn Faransé ni. Ibi tí Q wà ní Nàìjíríà, A ló wà níbẹ̀. Ibi tí W wà, Z ló wà níbẹ̀. M ti kọjá sí ẹ̀gbẹ́ L. Kí nọ́ńbà tó jáde, àfi kí ẹ tẹ Shift mọ́ ọn. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́.

Ẹ kò ní láti tà á ní ọ̀pọ̀. Nínú ètò Windows, ní ibi tí wọ́n kọ "Heure et langue" sí, ẹ lè fi irú kíbọ́ọ̀dù mìíràn kún un, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ bí ti ilé, kódà bí àwọn lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ kò bá bá a mu. Èdè tí kọ̀ǹpútà fi ń bá yín sọ̀rọ̀ náà ṣeé yípadà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Bí wọ́n bá kọ "unilingue" mọ́ orúkọ Windows náà, èdè kan ṣoṣo ló gbà. Ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó.

Kíbọ́ọ̀dù Faransé ní oore kan fún wa o. Ó ní bọ́tìnnì fún à, è, é àti ù. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ, ọ, tàbí ṣ. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó ti lè rí wọn á kọ "oko" fún ọkọ tó fẹ́ ẹ, fún ọkọ̀ tó wọ̀, fún ọkọ́ tí bàbá rẹ̀ fi ń ro ilẹ̀ àti fún oko tó ń ro. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú àkójọ tí Windows gbé wá láìgba kọ́bọ̀. Gboard ti Google náà ní i lórí fóònù. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn tó ń bá a ṣe iṣẹ́ YorubaName ti pín èyí tí ẹ lè fi kọ àmì ohùn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ará ìlú yìí tó ń sọ èdè Mooré náà ń wá ɛ, ɩ àti ʋ tiwọn bẹ́ẹ̀. Ìyà kan náà ló ń jẹ wá.

Ṣájà ńkọ́? Iná ilẹ̀ Burkina àti ti Nàìjíríà kò jìnnà síra wọn, ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì ló yàtọ̀. Ẹ ka ara ṣájà. Bí wọ́n bá kọ 100-240V síbẹ̀, orí tó máa bá sọ́kẹ́ẹ̀tì ibí mu nìkan ni ẹ nílò. Ooru lẹ máa bẹ̀rù. Apple kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi tí ooru rẹ̀ kò ju 35°C lọ ló yẹ ká ti lo MacBook. Ní oṣù Kẹrin, ooru Ouagadougou máa ń kọjá 40. Ẹ má gbé kọ̀ǹpútà sórí bẹ́ẹ̀dì tó máa dí ihò tó fi ń mí, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn. Bí ọyẹ́ bá dé pẹ̀lú eruku rẹ̀, ẹ fi aṣọ bò ó tí ẹ bá ti pa á.

"Ṣebí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n"

Àwọn kan á ní ìyọlẹ́nu lásán ni gbogbo èyí, pé ọmọ tó bá ti ń lo fóònù kò ní kọ́ kọ̀ǹpútà. Mi ò gbà. Fóònù kì í bi ọmọ léèrè ibi tó fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sí. Kọ̀ǹpútà ń béèrè. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ TikTok dójú àmì, tí kò mọ ibi tí ìwé àṣekágbá rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà ara rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ní, kò sí lórí flash, kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tí hard disk kú ni ọdún kan bá a lọ.

Ayé ti dán èyí wò rí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2005, Nicholas Negroponte àti Kofi Annan ṣí aṣọ lójú kọ̀ǹpútà aláwọ̀ ewé kan ní Tunis, tí wọ́n ní wọ́n máa tà ní 100 dọ́là fún àwọn ọmọ tálákà. Ó dé Abuja, ní iléèwé kan ní Galadima. Peru ló rà á jù. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí báńkì ìdàgbàsókè ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé èsì iṣẹ́ wọn ní iléèwé 319 jáde níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n máàkì wọn nínú ìṣirò àti èdè kò sún sókè. Ẹ̀rọ dé, ẹni tó máa kọ́ni kò bá a dé tó.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ Yorùbá wa sọ̀rọ̀, ní Ouagadougou àti níbi gbogbo. A máa ń ṣe ìpàdé nítorí ìsìnkú, nítorí ìkómọ, nítorí àjọ. Ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan sọ́tọ̀ lóṣù, kí ọ̀dọ́ kan tó mọ̀ ọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé kọ̀ǹpútà fún ìyá tó ń tajà, fún bàbá tó ti fẹ̀yìntì, fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Kò ní ná wa ju kọ̀ǹpútà kan àti àga díẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ jẹ́ kí oníbàárà tan án kó tó sanwó. Èyí tó bá kọ̀ jálẹ̀ pé kí ẹ má tan ọjà òun, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.