OHIO TI DI ÀPATÌ: Ẹ̀KỌ́ INÚ ÌDÌBÒ AMẸ́RÍKÀ

Ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kí ó bojú wo Ìpínlẹ̀ Ohio ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1964 títí di ọdún 2016, kò sí ìdìbò Ààrẹ kan tí ẹni tí Ohio gbè kò wọlé. Ní ọdún 2004, bí ìbò 118,000 ni George W. Bush fi ju John Kerry lọ níbẹ̀. Bí ó bá ṣe pé Kerry ni Ohio mú, òun ni ìbá di Ààrẹ. Nígbà náà, àwọn olùdíje a máa wọ́ tẹ̀lé ara wọn lọ sí Ohio, wọn a máa bọ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, wọn a sì máa ṣèlérí lórí ìlérí.

Lónìí ńkọ́? Ní ọdún 2020, Ohio dìbò fún Donald Trump, ṣùgbọ́n Joe Biden di Ààrẹ láìsí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìjà ipò Ààrẹ ti ọdún 2024 sì dé, ìpínlẹ̀ méje ni ẹgbẹ́ Democrat àti ẹgbẹ́ Republican dojú agbára wọn kọ: Pennsylvania, Michigan, Wisconsin, Georgia, North Carolina, Arizona àti Nevada. Ohio kò sí nínú wọn. Àwa ń bèèrè: kí ni Ohio ṣe? Ṣé àwọn ènìyàn rẹ̀ kú tán ni? Ṣé ìṣòro àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti dópin ni? Rárá o. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí Ohio ṣẹ̀ ni pé kò sí iyèméjì mọ́ nípa ẹni tí yóò dìbò fún.

Òfin ni ó fa èyí. Kì í ṣe àpapọ̀ ìbò gbogbo ará ìlú ni a fi ń mọ Ààrẹ Amẹ́ríkà. Aṣojú 538 ni a pín fún àwọn ìpínlẹ̀ àti olú-ìlú, ẹni tí ó bá sì kó 270 nínú wọn ni ó wọlé. Ní ìpínlẹ̀ 48 nínú 50, ẹni tí ó bá fi ìbò kan péré ṣíwájú ni yóò kó gbogbo aṣojú ibẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ̀ pé òun yóò borí ní ìpínlẹ̀ kan kò rí ìdí tí yóò fi lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun yóò pàdánù kò rí ìdí bákan náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ kò dájú nìkan ni ẹsẹ̀ wọn ń pé sí.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kò ṣàìmọ irú ìwà yìí. Alágbàtà kòkó kì í pọ́n àgbẹ̀ tí ó ti jẹ ẹ́ ní gbèsè lé. Ó mọ̀ pé kòkó onítọ̀hún ti di ti òun. Àgbẹ̀ tí kò tíì sọ ẹni tí òun yóò tà fún ni yóò máa kí tìyàwó-tọmọ.

Àwọn kan yóò wí pé ẹni tí a bá ń pọ́n lé yóò kúkú rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wò ó. Ní oṣù March ọdún 2002, Bush, ẹni tí ń pariwo òwò tí kò ní ìdènà, bu owó bodè ńlá lé irin tí ń ti òkèèrè wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ irin Ohio, Pennsylvania àti West Virginia ni ó fẹ́ fa ojú wọn mọ́ra. Nígbà tí Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé dá Amẹ́ríkà lẹ́bi, àwọn ilẹ̀ Yúróòpù halẹ̀ pé àwọn náà yóò bu owó lé ọjà Amẹ́ríkà, títí kan ọsàn àwọn àgbẹ̀ Florida, ìpínlẹ̀ tí ó fi ìbò 537 péré gbé Bush wọlé ní ọdún 2000! Àwọn ará Yúróòpù mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ní oṣù December ọdún 2003, Bush mú owó bodè náà kúrò. Oṣù mọ́kànlélógún péré ni oore náà lò. Florida fúnra rẹ̀ dà lónìí? Òun náà kò sí nínú àwọn méje ti ọdún 2024.

Bí ti àwọn tí a ń kẹ́ bá rí báyìí, ti àwọn tí a kò kà sí ńkọ́? Ní ọdún 2020, ó lé ní mílíọ̀nù 6 ènìyàn tí ó dìbò fún Trump ní California, kò sì sí ìpínlẹ̀ mìíràn tí ó ti rí ìbò tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kò rí aṣojú kan ṣoṣo gbà níbẹ̀. Ní ọdún 2016, Hillary Clinton fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.9 ìbò ju Trump lọ ní gbogbo ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìbò tí kò tó 80,000 ní Pennsylvania, Michigan àti Wisconsin ni ó lé e kúrò lọ́nà. Àwa kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan nínú wọn. Ohun tí a ń wí ni pé òfin tí ó sọ ìbò ẹnì kan di wúrà, tí ó sì sọ ti ẹnì kejì di ìyàngbò, kì í ṣe òfin òdodo.

Àwọn tí ó fẹ́ kí Nàìjíríà ṣe bí Amẹ́ríkà nínú ohun gbogbo, kí wọ́n rántí pé nígbà tí a gba ìjọba Ààrẹ ní ọdún 1979, a kọ ètò aṣojú yìí sílẹ̀. Òfin wa wí pé kí Ààrẹ ní ìbò tí ó pọ̀ jù lọ, kí ó sì rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. A kò gbàgbé awuyewuye ọdún náà lórí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19, èyí tí ó dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Síbẹ̀, ìbò tí a dì ní abúlé tí kò sí iyèméjì nípa rẹ̀ ń wọ inú àpapọ̀ kan náà pẹ̀lú ti ìlú ńlá. Kí a má ṣe fi èyí tọrọ.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn-ún ṣánko. Bí olùdíje bá kan ìlẹ̀kùn yín, ẹ má ṣe bi í bí ó ti fẹ́ràn yín tó. Ẹ bi í pé: kí ni yóò kù fún wa lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ìwọ kò bá nílò wa mọ́? Ọ̀nà tí a là, ilé-ìwé tí a kọ́ àti òfin tí a fi ọwọ́ sí ni ó ń kù. Ẹ̀rín àti ìkíni a máa bá ọjọ́ ìdìbò lọ. Ìgbà ara là ń búra. Ẹ bèèrè nísinsìnyí tí wọ́n ṣì ń kí yín, kí ẹ má baà di Ohio.