Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ọ̀rọ̀ Onígìtá Báàsì àti Áńpù Ilé

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Òwe yìí bá onígìtá báàsì wí gan-an. Bó bá dé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí òde àríyá, áńpù ńlá ti ń dúró dè é níbẹ̀. Nílé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń jókòó sí ta gìtá lásán, tí wọn kò so ó mọ́ nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ ti ń bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ báàsì oníná kò ní ihò nínú tí ohùn lè ti jáde. Láìsí áńpù, ohùn rẹ̀ kì í rìn jìnnà. Ẹni tó ń fi í kọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa fi ipá fa okùn kó lè gbọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ líle á sì mọ́ ọn lára. Okùn tí kò tẹ̀ pa dáadáa, tó ń kùn lábẹ́lẹ̀, kò ní gbọ́ ọ rárá. Ó di ọjọ́ tó bá dúró níwájú ìjọ kí áńpù tó tú àṣírí náà fún gbogbo ayé.

Ṣé kò wá lè yá áńpù gìtá lásán lò? Lọ́dún 1951 ni Leo Fender, oníṣẹ́ gìtá, gbé báàsì oníná tó ń jẹ́ Precision Bass jáde ní California. Nígbà tó fi di 1952, ó ti ṣe áńpù tirẹ̀ fún un, èyí tó pè ní Bassman, torí áńpù gìtá ayé ìgbà náà kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀. Okùn tó nípọn jù lára báàsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sípíkà tí wọn kò ṣe fún irú ìgbọ̀n bẹ́ẹ̀ lè ya.

Àṣejù náà kò dára. Áńpù báàsì Ampeg SVT tó jáde ní 1969 ní agbára 300 wáàtì. Pápá ìṣeré ló yẹ, kì í ṣe yàrá kan nínú ilé tí àwọn ayálégbé kún. Ìgbì ohùn okùn tó nípọn jù yẹn gùn tó mítà 8, ògiri búlọ́ọ̀kù kì í fi bẹ́ẹ̀ dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ báàsì òde àríyá àdúgbò kejì láti orí ibùsùn wa, tí a kò sì gbọ́ ohun tí olórin ń wí.

Irú áńpù bíi Fender Rumble 25, tó ní 25 wáàtì àti sípíkà íǹṣì 8, tó fún ilé. Ó ní ojú hẹ́dífóònù fún òru, ó sì ní ibi tí a ti lè so fóònù mọ́ ọn láti bá orin ta á. Bí iná bá lọ, áńpù kékeré Vox amPlug tó ń lo bátìrì wà, ara gìtá gan-an ni wọ́n ń kì í bọ̀.

 

Ẹni tó bá ń tọ́jú owó fún báàsì kejì, irú áńpù ilé yìí ni kó kọ́kọ́ rà. Kó gbé báàsì tirẹ̀ dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kó ta okùn tó nípọn jù léraléra. Bí sípíkà bá ń pariwo gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, kó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.