Kantíkantí Orí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti Ọmọ Tí Iṣan Rẹ̀ Rọ

Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá pọ́n jù nílé ìdáná, ìbáà jẹ́ ní Ijapo Estate l'Ákùúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó, kò ní í pẹ́ tí kantíkantí yóò fi dé. Ọwọ́ la fi ń lé e dànù. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní 100 ọdún tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń fi kòkòrò yìí wádìí bí ogún ìbí ti ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ. Ní Àkúrẹ́ níbí pàápàá, ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tí Ìjọba Àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1981, wọ́n ń fi í ṣe ìwádìí.

Kí ló wá pa kantíkantí pọ̀ mọ́ ọmọ ènìyàn? Purotéènì púpọ̀ nínú ara kì í ṣiṣẹ́ dáadáa àfi bí a bá lẹ ṣúgà mọ́ ọn. Kì í ṣe ṣúgà inú tíì ni mo wí o; ara fúnra rẹ̀ ló ń pèsè rẹ̀. Òṣìṣẹ́ inú ara kan wà tí à ń pè ní POMT1. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀, POMT2, ló ń lẹ irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ mọ́ purotéènì tó ń di iṣan mú ṣinṣin, bí okùn ti ń di ọkọ̀ mọ́ èbúté. Jíìnì tí a jogún lára òbí ló ń kọ́ ara bí yóò ṣe dá òṣìṣẹ́ náà.

Jíìnì yìí wà lára kantíkantí, ó wà lára ẹja àti eku, ó wà lára wa. Ìbátan rẹ̀ wà nínú ìwúkàrà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì pàápàá. Àwọn onímọ̀ ní ó lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún tí ìran kòkòrò àti ìran tiwa ti yapa, síbẹ̀ jíìnì náà kò parẹ́ níhà méjèèjì, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe pàtàkì.

Bí ó bá bàjẹ́ lára kantíkantí, ikùn rẹ̀ á lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní 2002 ni wọ́n rí i pé bíbàjẹ́ jíìnì kan náà wà lára àwọn kan nínú àwọn ọmọ tí àìsàn Walker-Warburg ń ṣe: iṣan wọn á rọ, àìsàn náà á sì ba ọpọlọ àti ojú wọn jẹ́.

Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà nílé, ìyá ni à ń nàka sí: wọ́n á ní ó rìn lọ́sàn-án gangan nígbà oyún, tàbí pé ayé ló ṣe é. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ gba ẹyọ jíìnì kan lọ́dọ̀ bàbá, ó gba ẹyọ kan lọ́dọ̀ ìyá, méjèèjì sì bàjẹ́. Ara àwọn òbí le, nítorí ẹyọ kan ṣoṣo ló bàjẹ́ lára oníkálukú, bí ti AS. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún tọkọtaya, nínú oyún mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ní àìsàn náà.

Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ara rẹ̀ rọ ni àìsàn yìí ń ṣe. Òmíràn wà tó gbóògùn. Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́rin tí kò gbé ọrùn dúró, ẹ tètè gbé e lọ bá dókítà. Ẹ̀yin ọkọ àti ìyakọ, ẹ má dá ìyá ọmọ lẹ́bi. Ẹ bá a gbé ọmọ náà.