Ẹ Kú Oríire, Ẹ̀yin Ará TELEMAC!

Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, tayọ̀tayọ̀ la fi ń kí yín. Lọ́dún 2010 ni EDF, iléeṣẹ́ iná mànàmáná ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í fi TELEMAC lé gbogbo ayé lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2025, ó pé ọdún 15 gbáko. Àwa ará etí ọ̀sà Èkó náà ní ìpín nínú oríire yìí.

Ètò kọ̀ǹpútà ni TELEMAC. Òun ló ń ṣírò bí omi odò, ọ̀sà àti òkun yóò ṣe rìn, bí yóò ṣe yára tó, àti ibi tí yóò kún dé. Ọdún 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní Chatou, lẹ́bàá Páríìsì. Jean-Michel Hervouet, tó jẹ́ òpó nínú iṣẹ́ náà, kọ ìwé ńlá lé e lórí ní 2007. BAW ti ilẹ̀ Jámánì àti HR Wallingford ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó jọ ń bójú tó o. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ̀yin ẹ ṣẹ́ kù fún wa, ẹ ṣeun.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀sà wa ṣàpèjúwe bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó pín ojú omi sí onígun mẹ́ta-mẹ́ta: kéékèèké níbi tó rí tóóró bí i Májídùn, ńláńlá níbi tó fẹ̀ níwájú Bàyékù. Ẹ ó sọ bí ìsàlẹ̀ ṣe jìn tó. Ẹ ó da odò Ògùn wọlé, ẹ ó da odò Ọ̀ṣun wọlé láti òkè Ẹ̀pẹ́, ẹ ó sì jẹ́ kí òkun máa kún, kó máa fà, lẹ́nu ọ̀nà omi Èkó. Ìlànà tí Saint-Venant gbé kalẹ̀ ní 1871 ni kọ̀ǹpútà yóò fi ṣírò ìjìn àti eré omi ní orígun kọ̀ọ̀kan.

Bí òjò bá pọ̀, tí wọ́n tún ṣílẹ̀kùn ìdídò Ọ̀yán, tó ti wà láti 1983, àwọn ará Májídùn ń fojú winá omíyalé. Bí a bá fi TELEMAC ṣírò rẹ̀, omi náà yóò ti hàn lórí kọ̀ǹpútà kó tó dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ní Ìjẹ̀dẹ́, iléeṣẹ́ iná Ẹgbin, oní mẹ́gáwáàtì 1,320, ń fi omi ọ̀sà tu ẹ̀rọ rẹ̀ lára. Níbo ni omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí wọ́n ń dà padà sínú ọ̀sà ń gbà? TELEMAC lè ṣírò ìyẹn náà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH ní Ìkòròdú, ẹ̀yin ọmọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ LASU ní Ẹ̀pẹ́, omi rèé níwájú yín, irinṣẹ́ rèé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lè tú inú rẹ̀ wò, ẹ lè tún un ṣe, ẹ ò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kankan. Bí èsì bá jáde, ẹ gbé e tọ àwọn apẹja tó ń kó ẹja wá sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ lọ. Wọ́n mọ ibi tí omi ń wọ́ àwọ̀n lọ, bí ìṣirò bá sì tako tiwọn, ẹ tún un yẹ̀ wò dáadáa.

TELEMAC, ọdún á yabo, ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ gbà á sórí kọ̀ǹpútà yín lónìí, kí orúkọ àwọn ọmọ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ti wà lára àwọn tó ń tún un ṣe kó tó pé ọdún 20 tí wọ́n ti fi lé ayé lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.