Ẹ Má Fi Owó Oúnjẹ Ra Ìwé Ọ̀fẹ́

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: láti ọdún kejì mi ni mo ti ń wa bàálù. Orí láptọ́ọ̀pù ni o. Bí iṣẹ́ fonẹ́tíìkì bá ti sú mi, Cessna 172 ni mo máa ń wọ̀.

Ní sáà tó kọjá, mo fẹ́ mọ bàálù náà dáadáa, mo bá san ₦7,000 fún ẹnì kan lórí ayélujára pé kó fi ìwé ìlànà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Owó oúnjẹ mi ni. Nígbà tí mo ṣí i, Pilot's Handbook of Aeronautical Knowledge ni, ìwé tí FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfúrufú ní Amẹ́ríkà, gbé sórí ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni náà kàn pààrọ̀ èèpo ìwé ni. Gàrí ni mo mu títí oṣù fi parí.

Èrò mi ni pé ẹni tó ń fi géèmù kọ́ bàálù kò gbọ́dọ̀ sanwó kó tó ka ti ọ̀fẹ́ tán. Ìwé tí mo dárúkọ yẹn ṣàlàyé bí ìyẹ́ ṣe ń gbé bàálù ró àti ohun tí àwọn aago iwájú awakọ̀ ń sọ. Ìkejì rẹ̀, Airplane Flying Handbook, ń kọ́ni ní gbígbéra àti bíbalẹ̀. Ọ̀fẹ́ lòun náà. FlightGear, tó jẹ́ géèmù ọ̀fẹ́, ní ìwé ìlànà tirẹ̀, Cessna 172 ló sì fi ń kọ́ni.

Ẹnì kan lè ní ìwé gbogbogbòò kì í ṣe ìwé bàálù gan-an. Òótọ́ ni. Bí ẹ bá máa rà, ẹ ra èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe bàálù náà tẹ̀ fún kíkà. Àlòkù rẹ̀ náà tó. Ṣùgbọ́n ẹ wo lẹ́tà tó kẹ́yìn orúkọ bàálù kí ẹ tó sanwó. 172N ń lo kabúrétọ̀, 172S kì í lò ó. Ìlànà tó ní kí ẹ fi ooru sí kabúrétọ̀ kò wúlò fún ẹni tó ń wa S. Àwa tí a mọ̀ pé ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, irú èyí kò yẹ kó ṣì wá lọ́nà.

Inú ìwé ọ̀fẹ́ yẹn náà ni mo ti rí àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá mi: orúkọ tí a lè fún àwọn ẹ̀yà ara bàálù ní Yorùbá. N kò lè sọ pé ₦7,000 mi ṣòfò pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ẹ má san án. Dátà ni kí ẹ fi rà.